Ọtí Èso Nílé: Ohun Tó Ń Bà á Jẹ́ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Ìwó kì í ṣe ìlú tí ènìyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá kan ọtí. Ìlú ààfáà ni. Ọ̀pọ̀ agboolé ló wà níbẹ̀ tí ọtí kì í wọlé wọn, yálà nítorí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tàbí nítorí ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi, àwọn tó ni Yunifásítì Bowen tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú náà lọ́dún 2002. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí apọntí ń ṣe kò ṣàjèjì sí ilé ìdáná kankan ní Ìwó. Obìnrin tó rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tó lọ̀ ọ́, tó sẹ́ ẹ, tó wá fi ògì sílẹ̀ kó kan, kòkòrò àìfojúrí ló háyà láti bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tó rin ẹ̀gẹ́, tó dì í sínú àpò, tó gbé òkúta lé e lórí, òun náà ń dúró de irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti irú kò yàtọ̀. Ohun tó ya ọtí sọ́tọ̀ ni irú kòkòrò tó jókòó ti oúnjẹ náà: èyí tó wà nínú ògì ń sọ ọ́ di kíkan, èyí tó wà nínú ẹmu ń sọ ṣúgà di ọtí.

Yíìsì ni wọ́n ń pe kòkòrò ọtí yìí. Ohun abẹ̀mí ni, bó tilẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fi ìdí èyí múlẹ̀ láàárín ọdún 1857 sí 1860, nígbà tí àwọn onímọ̀ ńlá kan ṣì gbà pé kò sí ohun abẹ̀mí kankan nídìí ọ̀rọ̀ náà. Yíìsì ń jẹ ṣúgà, ó ń yọ ọtí àti afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún ló ń mú kí omi èso máa hó láìsí iná nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n yíìsì nìkan kọ́ ló mọ adùn ṣúgà. Oríṣiríṣi bakitéríà wà lára èèpo èso, lọ́wọ́ ẹni tó ń bó o, nínú kẹ́ẹ̀gì, nínú afẹ́fẹ́, gbogbo wọn ló sì ń wá ọ̀nà àtijẹ. Iṣẹ́ apọntí ni kó jẹ́ kí yíìsì kọ́kọ́ dé ìdí àwo, kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù. Bí ọtí ilé bá kọ̀ tí kò hó, bó bá ń rùn, bó bá kan, bó bá fọ́ ìgò, níbi ilẹ̀kùn yìí ni kí wọ́n ti lọ wá ẹ̀sùn rẹ̀.

Àwọn adẹ́mu mọ ìṣesí ọ̀ràn yìí kí Pasteur tó dáyé, bí wọn ò tilẹ̀ rí yíìsì lójú. Adẹ́mu á gbé igbà kọ́ ọ̀pẹ, á gun un, á dá a, á so kèrègbè mọ́ ojú ibi tó dá, omi ọ̀pẹ á sì máa kán sínú rẹ̀. Kèrègbè yìí kì í sábà mọ́ tónítóní, oore tó ń ṣe fún ẹmu sì nìyẹn: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ kún fún yíìsì, nítorí náà kí omi tuntun tó kún un, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó lórí igi. Nínú omi ọ̀pẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ṣúgà máa ń tó ìdá 10 sí 12 nínú 100. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọtí inú rẹ̀ ti lè tó ìdá 4 tàbí 5 nínú 100. Tó bá fi máa di ọjọ́ mélòó kan sí i, ó ti kan bí ọtí kíkan tí wọ́n fi ń po sàláàdì. Ìdí nìyí tí ẹmu àárọ̀ àti ẹmu ìrọ̀lẹ́ kì í fi í jẹ́ ti oníbàárà kan náà; ẹni tó fẹ́ dídùn á tètè dé, ẹni tó fẹ́ èyí tó le á dúró.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir àti S. I. Faparusi ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìlú tí kò jìnnà sí Ìwó rárá, wà lára àwọn tó tú ìdí ẹmu wò láàárín àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nduka Okafor náà ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ gbé jáde ni pé ẹmu kì í ṣe ilé yíìsì nìkan. Bakitéríà tó ń sọ nǹkan di kíkan wà níbẹ̀, èyí tó ń sọ ọtí di ọtí kíkan wà níbẹ̀, kódà bakitéríà kan wà, Zymomonas mobilis, tó ń ṣe ọtí fúnra rẹ̀ bíi yíìsì. Ogun ni wọ́n ń jà nínú agbè. Àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí NIFOR nítòsí Ìlú Bìní àti FIIRO ní Oṣòdì gbìyànjú láti dá ogun náà dúró: wọ́n rọ ẹmu sínú ìgò, wọ́n gbé ìgò sínú omi gbígbóná kí ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ lè kú, ẹmu sì lè wà lórí àtẹ fún oṣù mélòó kan. Ó wúlò fún ẹni tó ń gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Àmọ́ ẹni tó ti mu ẹmu nídìí ọ̀pẹ rí, kí á má parọ́, kò lè pe méjèèjì ní nǹkan kan náà.

Èso rọrùn láti fi ṣe ọtí ju ọkà lọ, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Yíìsì kò lè jẹ sítáàṣì. Ṣúgà ló ń jẹ. Àwọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kọ́kọ́ máa ń rẹ àgbàdo, wọn á jẹ́ kó hù, wọn á sá a, wọn á lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó sè é tí wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Híhù yẹn ló ń sọ sítáàṣì inú àgbàdo di ṣúgà. Àwọn tó ń ṣe àgàdàgídí kò nílò gbogbo ìyẹn, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n kọjá ààlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ti sọ sítáàṣì ara rẹ̀ di ṣúgà kó tó délé. Wọ́n kàn ń bó o, wọ́n ń gé e, wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Ní ọdún 1988, A. I. Sanni àti B. A. Oso tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe àgàdàgídí. Ọ̀pẹ òyìnbó, ọsàn, máńgòrò, ìbẹ́pẹ àti kajú dà bí àgbagbà yẹn. Ṣúgà wọn ti wà nílẹ̀.

Ọ̀pẹ òyìnbó ló dáa jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ó kan díẹ̀ nínú ara rẹ̀, kíkan yẹn sì ń lé ọ̀pọ̀ bakitéríà burúkú sẹ́yìn. Ìbẹ́pẹ kò kan rárá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tètè bà jẹ́ mọ́ àwọn tó bá fi í bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fún ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Kí apọntí wá omi ọ̀pẹ òyìnbó bíi lítà mẹ́rin, kó fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ṣúgà inú rẹ̀ á wà ní ìwọ̀n 120 gíráàmù nínú lítà kan. Gíráàmù ṣúgà 17 nínú lítà kan ló ń mú ọtí ìdá 1 nínú 100 jáde, nítorí náà omi èso yẹn nìkan yóò fún un ní ìdá 7. Bó bá fẹ́ ìdá 11, tí ọtí á fi lè pẹ́ díẹ̀, kó fi ṣúgà tí kò tó 300 gíráàmù kún gbogbo lítà mẹ́rin náà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n rò pé bí ṣúgà bá ti pọ̀ tó ni ọtí á ṣe le tó, wọ́n á da kílò méjì sí i, yíìsì á sì kú sínú ṣúgà.

Yíìsì tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì wà ní Ọjà Odò-Orí ní Ìwó, ó sì lè ṣe é. Yíìsì tí wọ́n ṣe fún wáìnì dára jù ú lọ, torí ó lè fara da ọtí tó le jù, ó sì ń jókòó sísàlẹ̀ dáadáa, àmọ́ ìlú ńlá bí Ìbàdàn tàbí Èkó ni wọ́n ti máa ń rí i, tàbí kí wọ́n rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣíbí tíì kan tó fún lítà mẹ́rin. Kí wọ́n tó da yíìsì sínú omi èso, kí wọ́n dán an wò nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Bó bá yọ ìfófòó láàárín ìṣẹ́jú 20, ó yè. Bí kò bá yọ, kí wọ́n má ṣe fi èso tí wọ́n fi owó rà ṣòfò lé e lórí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi aṣọ mímọ́ bò tó fún un, nítorí yíìsì nílò afẹ́fẹ́ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ láti bí sí i. Lẹ́yìn náà kí wọ́n sẹ́ ẹ sínú kẹ́ẹ̀gì tí yóò kún dé ọrùn, kí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá nínú ìdérí, kí ẹnu rọ́bà kejì sì wà nínú ìgò omi. Afẹ́fẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì á máa jáde gba inú omi, á máa dún pókúpókú, ti ìta kò sì ní lè wọlé. Rọ́bà tí wọ́n ń tà mọ́ omi ìfàsára nílé ìwòsàn ni àwọn tó ń ṣe é nílé sábà máa ń lò, èyí tí kò tíì kan ẹnikẹ́ni lára. Tí ìró yẹn bá ti dáwọ́ dúró, tí ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í tòrò, wọ́n á fà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì mìíràn, wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ ti inú ìwé ni, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìwó ni ọtí wà, kì í ṣe ilẹ̀ Faransé.

Ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ní oṣù kejì àti ìkẹta ọdún, ooru ọ̀sán ní agbègbè yẹn máa ń kọjá 33°C, yíìsì tó ń ṣiṣẹ́ sì tún ń mú ooru tirẹ̀ wá. Ọtí èso fẹ́ràn 18 sí 25°C. Bí ooru bá pọ̀, á hó kíákíá, inú ẹni tó ń wò ó á dùn, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta á dáwọ́ dúró lójijì nígbà tí ṣúgà ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ọtí náà á sì ní òórùn kan tó ń gún imú. Àwọn ìyá wa ti yanjú èyí tipẹ́ pẹ̀lú àmù: omi tó ń gbẹ lára ìkòkò ń gbé ooru lọ. Kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì sínú agbada omi, kí wọ́n fi aṣọ tútù wé e, kí ẹsẹ̀ aṣọ wà nínú omi, kí wọ́n sì gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ooru rẹ̀ á lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n díẹ̀, ìwọ̀n díẹ̀ yẹn sì ni ìyàtọ̀ láàárín ọtí tó parí iṣẹ́ àti èyí tó há sáàárín ọ̀nà.

Èyí tó ti há ńkọ́? Dída yíìsì gbígbẹ lé e lórí kì í sábà ṣiṣẹ́, torí yíìsì tuntun á bá ọtí àti ooru níbẹ̀, á sì kú bíi ti àkọ́kọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n jí yíìsì nínú ife omi ṣúgà, tó bá ti ń hó, kí wọ́n da ife kan nínú ọtí tó há náà sí i. Tí gbogbo rẹ̀ bá tún hó, kí wọ́n fi ìlọ́po rẹ̀ kún un, títí tí yóò fi gba gbogbo kẹ́ẹ̀gì mọ́ra. Ó ń gba sùúrù. Ẹni tó bá lo omi èso inú páálí ní ọ̀ràn mìíràn: kó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà. Bí wọ́n bá kọ sodium benzoate síbẹ̀, wọ́n ti fi nǹkan tí yíìsì kò lè bá gbé sínú rẹ̀, kò sì sí ìtọ́jú kan tó lè mú un hó dáadáa.

Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ebi ló ń pa yíìsì. Ṣúgà nìkan kò tó o. Ó nílò nitrogen, ọtí tí wọ́n là púpọ̀ pẹ̀lú omi tí wọ́n wá fi ṣúgà rọ́pò èso kì í sì ní in tó. Kí wọ́n se ṣíbí yíìsì búrẹ́dì kan nínú omi títí yóò fi kú pátápátá, kí wọ́n jẹ́ kó tutù, kí wọ́n dà á sí i. Àwọn alààyè á jẹ òkú wọn, òórùn á sì dín kù. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni òórùn náà yọ, kí wọ́n fà á sínú kẹ́ẹ̀gì mìíràn lẹ́ẹ̀kan, kó ta sókè díẹ̀ bó ti ń wọlé. Ọtí tó ṣú bí omi ìbẹ́pẹ tàbí bí omi máńgòrò, tí kò fẹ́ tòrò, kì í ṣe àìsàn. Sísè tí wọ́n se èso lórí iná kí wọ́n tó pọn ọ́n ló sábà ń fa èyí. Kí ẹlòmíì má se é. Ẹnu ṣì lè mu ún bẹ́ẹ̀.

Kíkan ló tẹ̀ lé e, òun sì ni ọ̀gá gbogbo wọn. Bakitéríà tó ń sọ ọtí di ọtí kíkan nílò ohun méjì: ọtí àti afẹ́fẹ́. Kantíkantí ló sábà ń gbé e wá; kòkòrò wẹ́wẹ́ yìí tó ń fò yí èso pípọ́n àti agbè ẹmu ká ń ti orí èso jíjẹrà kan bọ́ sí orí òmíràn, ó sì ń gbé bakitéríà lẹ́sẹ̀. Kantíkantí kan tó ráàyè wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó. Àṣìṣe tó sábà ń fà á ni pé apọntí ń ṣí ìdérí lójoojúmọ́ láti tọ́ ọ wò, tàbí pé kẹ́ẹ̀gì tó yẹ kó kún dé ọrùn kò ju ìdajì lọ, afẹ́fẹ́ sì kún ìdajì yòókù. Bí ìbòrí funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bá jókòó sórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì burú. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, kí wọ́n fi ọtí mìíràn kún un dé ọrùn. Bí ó bá hu irun bíi ti búrẹ́dì tó bu, kí wọ́n dà á nù. Bí ó bá ti kan tí imú ti mọ̀ ọ́n ní ọtí kíkan, kò sí oògùn tó ń dá a padà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n dà á nù. Kí wọ́n ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kí kantíkantí má baà kú sínú rẹ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún oṣù kan, wọ́n á ní ọtí kíkan ọ̀pẹ òyìnbó tó dáa fún sàláàdì àti fún ṣíṣan ẹran. Èyí jẹ́ ohun tí agboolé tí kì í mu ọtí náà lè lò, bí ẹ̀kọ́ wọn bá fàyè gbà á.

Ìgò fífọ́ ló léwu jù. Ẹni tó bá ti ọtí tó ṣì ní ṣúgà àti yíìsì mọ́ inú ìgò, tó dé e pa, ti kó afẹ́fẹ́ tí kò ní ọ̀nà àbájáde sínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́mu mọ èyí, wọn kì í dé agbè tàbí kẹ́ẹ̀gì pa. Ewé tàbí ìdérí tí wọ́n tú díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹni tó ń ṣe ọtí èso nílé lè fi ìgò ike kan sí àárín àwọn ìgò gíláàsì láti máa tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá le gbagidi lábẹ́ ọwọ́, kó tètè tú gbogbo àwọn yòókù.

Àwọn kan á béèrè nípa majele, wọ́n sì jàre. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú àìròtẹ́lẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń jà, àyẹ̀wò sì fi hàn pé methanol inú ògógóró ló pa wọ́n. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún kan náà. Ògógóró jẹ́ ọtí tí wọ́n fi iná sè, tí wọ́n ń gba oru rẹ̀, ibẹ̀ àti ibi tí àwọn oníwàkiwà ti ń fi kẹ́míkà lú u ni ewu yẹn ti ń wá. Methanol tó wà nínú ọtí èso tí wọ́n pọn lásán kéré débi pé kì í pa ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má kàn gbé ìkòkò lé iná láti mú un le sí i. Bákan náà, ọtí tí wọ́n ń mu nínú ilé wọn ni à ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Ọsàn pọ̀ lọ́jà láti nǹkan bí oṣù kẹwàá dé oṣù kìíní, ọyẹ́ sì máa ń mú òru tutù nígbà náà. Ọtí ọsàn tí wọ́n pọn ní oṣù kejìlá kì í sábà há, tí wọ́n bá ti yọ awọ funfun inú ọsàn kúrò kó má baà korò. Kajú ló ń tẹ̀ lé e, láti oṣù kejì lọ, inú ooru gan-an. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń ṣà kóró rẹ̀, wọ́n sì ń fi èso rẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà nídìí igi. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, ní Ìdí-Ayunrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, ti fi hàn pé wọ́n lè fi èso kajú ṣe omi mímu àti ọtí. Ìṣòro rẹ̀ ni bó ṣe ń fún ènìyàn lẹ́nu. Omi ìrẹsì tó ki díẹ̀, tó ti tutù, ni ìtọ́jú rẹ̀: wọ́n á rò ó pọ̀ mọ́ omi kajú, ohun tó ń fún ni lẹ́nu náà á so mọ́ ọn, á jókòó sísàlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n á sì fa omi tó tòrò lókè kúrò kí wọ́n tó da yíìsì sí i.